Ta ni ó fún wọn ní orúkọ mi? Bí àkọsílẹ̀ ìlera ṣe ń dé ọwọ́ àwọn elétò àyẹ̀wò ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹni tí ó bá ti pé ọmọ 50 ọdún ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, ìyẹn dókítà àdúgbò rẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí ìdì kékeré kan gbà láti ọ̀dọ̀ NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ náà. Ìgò kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí igi tín-ín-rín kan so mọ́ ìdérí rẹ̀, ìwé tí ó ṣàlàyé bí a ṣe ń fi igi náà ha ojú ìgbẹ́, àti àpòòwé tí a ti san owó ìfìwéránṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí a ó fi dá ìgò náà padà. Orúkọ onítọ̀hún wà lórí lẹ́tà tí ó bá a wá, àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ sì pé pérépéré. Kò kọ̀wé béèrè fún un, kò sì sọ fún dókítà kankan pé inú ń run òun. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn èèyàn wa máa ń kọ́kọ́ bi ara wọn ni pé: ta ni ó fún wọn ní orúkọ mi, kí ni wọ́n sì tún mọ̀ nípa mi?

Ìbéèrè tí ó tọ́ ni, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀ dáadáa, nítorí pé ìdáhùn tí kò pé ni ó ń mú kí àwọn kan ju ìdì náà sí ilé ìdọ̀tí, tí àwọn mìíràn sì ń buwọ́ lu fọ́ọ̀mù tí kò kan ohun tí ó ń bà wọ́n lẹ́rù rárá. Ohun tí mo fẹ́ kí ó yé wa ni pé ìyọ̀ǹda tí à ń sọ kì í ṣe ẹyọ kan. Wíwà tí orúkọ yín wà nínú àkójọ àwọn tí a ó pè jẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Gbígbà láti ṣe àyẹ̀wò náà jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ohun tí a ó fi èsì náà ṣe lẹ́yìn tí ó bá jáde tún jẹ́ ọ̀rọ̀ kẹta. Òfin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó de ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ibi tí ẹ lè ti sọ pé ẹ kò fẹ́ sì yàtọ̀ síra.

Irú àyẹ̀wò wo ni à ń sọ?

Àyẹ̀wò yìí yàtọ̀ sí èyí tí dókítà máa ń ní kí aláìsàn lọ ṣe. Ara àwọn tí à ń pè sí i yá, kò sí ohun tí ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí wọn tàbí ipò tí wọ́n wà mú kí ó ṣeé ṣe kí àrùn kan ti bẹ̀rẹ̀ lára wọn láìfọhùn. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a máa ń pe àwọn obìnrin láti ọmọ ọdún 25 sí 64 fún àyẹ̀wò ẹnu ilé-ọmọ, èyí tí àwọn èèyàn mọ̀ sí smear test. A máa ń pe obìnrin fún àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ọmú ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta láti ọmọ 50 ọdún títí di ọjọ́ ìbí rẹ̀ kọkànléláàádọ́rin. Àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ìfun, ìyẹn ti ìgò kékeré tí mo sọ lókè, wà fún tọkùnrin tobìnrin láti ọmọ ọdún 50 sí 74, ní ọdún méjì méjì. Àwọn ọkùnrin ní tiwọn ń gba ìpè lẹ́ẹ̀kan ní ọdún tí wọ́n máa pé 65, kí a lè wò ó bóyá òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá inú ikùn wọn ti ń wú. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, láti ọmọ ọdún 12 lọ sókè, ni à ń pè fún àyẹ̀wò ẹ̀yìn ojú. Ti aláboyún àti ti ọmọ tuntun tún wà, n ó sì padà sórí wọn.

Ètò bẹ́ẹ̀ kò mọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti Nàìjíríà wá lára. Nílé, ilé-ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ni ó ń tọ́jú káàdì aláìsàn tirẹ̀, kò sì sí àkójọ orúkọ gbogbo ará ìlú kan tí ìjọba àpapọ̀ fi ń kọ̀wé sí obìnrin kọ̀ọ̀kan pé àkókò àyẹ̀wò ọmú rẹ̀ ti tó. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe àyẹ̀wò ni ó máa lọ, òun ni ó sì máa ń san owó rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Nítorí náà, bí ẹni tí kò béèrè bá ṣàdédé rí lẹ́tà gbà, kò burú bí ó bá kọ́kọ́ fura.

Ibi tí àkójọ orúkọ náà ti wá

Ọjọ́ tí ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ yín, ọjọ́ ìbí yín, àdírẹ́ẹ̀sì yín, bóyá ọkùnrin ni yín tàbí obìnrin, àti GP tí ẹ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, gbogbo wọn ń wọ inú àkọsílẹ̀ gbogbogbòò kan tí NHS ń pè ní Personal Demographics Service, a sì so wọ́n mọ́ nọ́mbà NHS, nọ́mbà oní-dígíìtì mẹ́wàá tí ó jẹ́ tiyín nìkan. Ìtàn àìsàn kò sí nínú àkọsílẹ̀ yìí. Láti inú rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà àwọn elétò àyẹ̀wò ti ń ṣa orúkọ, ó ń wo ọjọ́ ìbí, ó ń wo akọ tàbí abo, lẹ́yìn náà ni yóò tẹ lẹ́tà jáde. Ẹni tí ó fi ìdì ìfun ránṣẹ́ sí yín kò mọ̀ bóyá ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kò mọ̀ bóyá ẹ ti ṣe iṣẹ́ abẹ rí, kò sì sí ìdí tí ó fi yẹ kí ó mọ̀.

Ti àtọ̀gbẹ yàtọ̀. Ọjọ́ orí kò lè sọ ẹni tí ó ní in, nítorí náà GP gbọ́dọ̀ fi orúkọ àwọn tí a ti rí i lára wọn ránṣẹ́ sí ètò àyẹ̀wò ojú. Níhìn-ín, orúkọ àìsàn gan-an ni ó ń kúrò lọ́dọ̀ GP, mo sì gbà pé ó yẹ kí GP sọ èyí fún aláìsàn lójúkojú ní ọjọ́ tí ó bá sọ fún un pé ó ní àtọ̀gbẹ, kí ó má baà jẹ́ pé inú lẹ́tà ni yóò ti kọ́kọ́ gbọ́. Ìdí tí a fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀ lágbára: àtọ̀gbẹ lè máa ba àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ó wà lẹ́yìn ojú jẹ́ fún ìgbà pípẹ́ kí ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, bí ó bá sì ti ṣú, àtúnṣe rẹ̀ kì í rọrùn mọ́. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023, àwọn tí èsì wọn méjì tẹ̀lé ara wọn láìsí àbùkù ń lọ ní ọdún méjì méjì dípò ọdọọdún, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ètò náà gbọ́dọ̀ tọ́jú èsì àtijọ́ kí ó tó lè mọ ìgbà tí yóò pe èèyàn padà.

Bákan náà ni ti ẹnu ilé-ọmọ. Èsì àyẹ̀wò HPV, kòkòrò tí ó lè fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, ni ó ń pinnu iye ọdún tí obìnrin yóò fi sinmi. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025, obìnrin tí ó wà láàárín ọdún 25 sí 49 tí a kò rí kòkòrò náà lára rẹ̀ ń dúró fún ọdún márùn-ún kí a tó tún pè é, nígbà tí ó jẹ́ pé ọdún mẹ́ta ni tẹ́lẹ̀. Bí a bá ti gé ilé-ọmọ obìnrin kan kúrò pátápátá, a gbọ́dọ̀ sọ fún ètò náà kí ó má baà máa pe ẹni tí kò ní ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò. Ẹ̀yin náà ẹ rí i pé bí àyẹ̀wò bá ṣe ń jinlẹ̀ sí i ni ohun tí ètò náà nílò láti mọ̀ ń pọ̀ sí i.

Kí ni ó dé tí wọn kò kọ́kọ́ gba àṣẹ?

Ọ̀nà méjì ni òfin ń gbà wo ọ̀rọ̀ yìí, pípa tí a máa ń pa wọ́n pọ̀ ni ó sì ń dá ọ̀pọ̀ ìdàrúdàpọ̀ sílẹ̀. Ọ̀nà kìíní ni òfin ààbò dátà, ìyẹn UK GDPR àti Data Protection Act ti ọdún 2018. Òfin yìí kò sọ ọ́ níbì kankan pé ìyọ̀ǹda nìkan ni ó lè mú kí ó tọ́ láti lo dátà èèyàn. Ó to oríṣiríṣi ìdí sílẹ̀, ìyọ̀ǹda sì jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Ìdí tí ètò àyẹ̀wò NHS ń dúró lé lórí ni iṣẹ́ tí òfin gbé fún iléeṣẹ́ ìjọba láti ṣe fún àǹfààní gbogbo ará ìlú, èyí tí ó wà ní Abala 6(1)(e), àti ìdí kejì tí ó kan àkọsílẹ̀ ìlera ní pàtó, ní Abala 9(2)(h), tí ó fàyè gba lílo irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún dídènà àrùn, fún ìtọ́jú àti fún ìṣètò iṣẹ́ ìlera, níwọ̀n ìgbà tí ó bá jẹ́ pé àwọn tí ó jẹ́ dandan fún láti pa àṣírí mọ́ ni ó ń lò ó.

Ọ̀nà kejì ti pẹ́ ju òfin dátà lọ. Àwọn adájọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi ìdájọ́ wọn gbé e kalẹ̀ láti ayé pípẹ́ pé ohun tí aláìsàn bá sọ fún dókítà rẹ̀, àṣírí ni, kò sì gbọdọ̀ jáde àfi bí aláìsàn bá gbà, tàbí bí òfin bá pàṣẹ rẹ̀, tàbí bí àǹfààní aráàlú tí ó wà níbẹ̀ bá tóbi ju ti àṣírí náà lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ìtọ́jú ẹni náà fúnra rẹ̀, òfin gbà pé ó ti yé gbogbo wa pé ìròyìn yóò lọ láti ọwọ́ oníṣègùn kan sí òmíràn. Bí GP bá ń fi yín ránṣẹ́ sí oníṣègùn ọkàn, kì í ní kí ẹ kọ́kọ́ buwọ́ lùwé kí ó tó kọ lẹ́tà. Ìpè sí àyẹ̀wò jẹ́ ìtọ́jú tí a fi lọ ẹni tí a kọ ọ́ sí. Ní ti àwọn iṣẹ́ kan tí ó jìnnà sí ìtọ́jú ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí kò sì ṣeé ṣe láti lọ béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí ó kàn, abala 251 nínú òfin NHS ti ọdún 2006 fàyè sílẹ̀ láti gbé ojúṣe àṣírí yẹn tì sí ẹ̀gbẹ́ kan fún ìdí ìṣègùn tí a sọ ní pàtó, ìgbìmọ̀ kan tí ń jẹ́ Confidentiality Advisory Group sì ń yẹ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wò kí a tó gbà á.

Yàtọ̀ sí òfin, ìdí kan wà tí mo rò pé kò sí àríyànjiyàn nínú rẹ̀. Kí a tó lè kọ̀wé sí yín láti béèrè bóyá ẹ gbà kí a lo orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì yín, a gbọ́dọ̀ ti lo orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì yín. Bí a bá sì ní kí ó jẹ́ kìkì àwọn tí ó bá fèsì ni a ó máa pè, àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ òru, àwọn ìyá àgbà tí ọmọ wọn ni ó ń bá wọn ka lẹ́tà, ni yóò kọ́kọ́ ṣubú kúrò nínú àkójọ náà, wọ́n sì wà lára àwọn tí a dá ètò náà sílẹ̀ fún.

Lẹ́tà náà kò sì di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìyọ̀ǹda tòótọ́ wà níbi tí a ti fẹ́ fọwọ́ kan ara yín tàbí gba nǹkan lára yín. Nọ́ọ̀sì tí ó fẹ́ ṣe àyẹ̀wò ẹnu ilé-ọmọ gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ohun tí ó fẹ́ ṣe, kí ó sì dúró bí obìnrin náà bá ní kí ó dúró, kódà bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ dá ìgò ìfun padà kò jẹ̀bi ẹnikẹ́ni, GP rẹ̀ kò sì lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nítorí rẹ̀.

Fọ́ọ̀mù tí a ń buwọ́ lù tí kì í dá lẹ́tà dúró

Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni NHS bẹ̀rẹ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní National Data Opt-out, tí ó fún ẹnikẹ́ni láǹfààní láti sọ pé kí wọ́n má ṣe lo àkọsílẹ̀ òun fún ìwádìí àti ìṣètò. Ṣáájú rẹ̀ ni Type 1 opt-out ti wà, èyí tí a máa ń fún GP, tí ó ń dènà kí àkọsílẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ fún ohun tí kò jẹ mọ́ ìtọ́jú yín. Ó ní ohun tí ó fà á tí àwọn èèyàn fi ń sá lọ síbẹ̀. Ètò kan tí wọ́n pè ní care.data, tí ó fẹ́ kó àkọsílẹ̀ GP jọ sí ojú kan, tú ká ní ọdún 2016 nítorí pé àwọn aráàlú kò gbọ́ àlàyé tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Nígbà tí ètò mìíràn tí ó jọ ọ́ tún jáde ní ọdún 2021, ó lé ní mílíọ̀nù kan èèyàn tí ó yọ ara wọn láàárín àkókò díẹ̀, ìjọba sì dá ètò náà dúró. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí a kò bá ṣàlàyé fún, ó ní ẹ̀tọ́ láti ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti buwọ́ lu National Data Opt-out yóò ṣì máa rí lẹ́tà àyẹ̀wò gbà, NHS fúnra rẹ̀ sì sọ bẹ́ẹ̀ kedere. Àwọn kan rí lẹ́tà náà lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ̀, wọ́n sì gbà pé wọ́n ti tàn wọ́n jẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀, ìwádìí àti ìṣètò ni wọ́n kọ̀, wọn kò kọ ìpè sí ìtọ́jú. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí a pe òun mọ́ sí àyẹ̀wò kan ní láti bá ètò àyẹ̀wò yẹn gan-an tàbí GP rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní ti ẹnu ilé-ọmọ, wọn yóò ní kí ó buwọ́ lùwé pé ó ti gbọ́ àlàyé. Kíkọ ọ̀kan kì í ṣe kíkọ gbogbo wọn: ẹni tí ó yọ orúkọ kúrò nínú ti ẹnu ilé-ọmọ yóò ṣì máa gba ìpè fún ọmú àti ìfun.

Èrò tí ó wà ní òdìkejì náà wọ́pọ̀, ìpalára tirẹ̀ sì pọ̀ ju èyí lọ. Àwọn kan ń fẹ́ lọ fún àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé bí wọ́n bá ti buwọ́ lu fọ́ọ̀mù ìwádìí, wọn kò ní ẹ̀tọ́ sí àyẹ̀wò mọ́. Irọ́ ni. Ẹ lè kọ̀ kí a fi àkọsílẹ̀ yín ṣe ìwádìí, kí ẹ sì lọ ṣe gbogbo àyẹ̀wò tí ó tọ́ sí yín.

Ẹ̀rù Home Office

Mo mọ̀ pé ohun tí ń ba àwọn kan lẹ́rù jù nìyí, n kò sì ní fojú kéré rẹ̀, nítorí pé ó ní ìtàn. Ní ọdún 2017, àdéhùn kan bẹ̀rẹ̀ láàárín NHS Digital, ẹ̀ka tí ó ń tọ́jú dátà NHS nígbà náà, àti Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú àti ìgbélùú, èyí tí ó fún Home Office láǹfààní láti béèrè fún àdírẹ́ẹ̀sì tí aláìsàn lò kẹ́yìn lọ́dọ̀ GP, kí wọ́n lè wá ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú rí. Ìtàn àìsàn kò sí lára ohun tí wọ́n ń fún wọn, ṣùgbọ́n fún ẹni tí wọ́n ń wá, àdírẹ́ẹ̀sì nìkan ti tó. Ìgbìmọ̀ ìlera ní ilé aṣòfin kọ ìwé pé kí wọ́n dá a dúró, àwọn dókítà náà pariwo, ní oṣù karùn-ún ọdún 2018 ìjọba dá èyí tí ó pọ̀ jù nínú pàṣípààrọ̀ náà dúró, wọ́n sì fagi lé àdéhùn náà kí ọdún tó parí. Ìdí tí àwọn oníṣègùn fi ta kò ó hàn kedere: bí èèyàn bá ń bẹ̀rù àtiforúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP, kò ní sí nínú àkójọ kankan, àrùn rẹ̀ yóò sì dàgbà kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Ohun tí ó wà nílẹ̀ báyìí ni pé Home Office ṣì lè rí ìròyìn gbà nínú ọ̀ràn ọ̀daràn ńlá, ilé-ìwòsàn sì lè fi tó wọn létí bí ẹni tí ó yẹ kí ó san owó ìtọ́jú bá jẹ gbèsè tí ó tó £500 fún oṣù méjì ó kéré tán. Èyí kan gbèsè ilé-ìwòsàn. Lẹ́tà ìpè sí àyẹ̀wò kì í ṣe gbèsè. Fíforúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ẹnikẹ́ni tí ń gbé níbẹ̀, ìwé ìgbélùú kì í sì í ṣe ohun tí a gbọ́dọ̀ fi hàn kí wọ́n tó gbà wá. Akọ̀wé tí ó bá ní kí ẹ mú páásípọ̀ọ̀tù wá dandan ń béèrè ohun tí NHS kò ní kí ó béèrè.

Àkójọ tí kò pé

Ohun tí a ti rí nínú ètò yìí láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn fi hàn pé ewu tí ó wà níbi tí dátà kò ti dé kò kéré sí ti ibi tí ó dé ju bí ó ti yẹ lọ. Ní ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún ọdún 2018, Jeremy Hunt, tí ó jẹ́ mínísítà ìlera nígbà náà, sọ ní ilé aṣòfin pé nǹkan bí 450,000 obìnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 68 sí 71 ni a kò pè fún àyẹ̀wò ọmú wọn tí ó kẹ́yìn. Oṣù tí ó tẹ̀lé e ni wọ́n dín iye náà kù sí 174,000, ìgbìmọ̀ tí ó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò sì rí i pé àwọn tí ń ṣàkóso ètò náà kò fẹnu kò rárá lórí ọjọ́ orí tí ìpè ìkẹyìn yẹ kí ó bọ́ sí. Kọ̀ǹpútà ń ṣe ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe. Àwọn tí ó kọ ìlànà fún un ni kò ní ìtumọ̀ kan náà lọ́kàn. Ní ọdún kan náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 50,000 lẹ́tà tí ó jẹ mọ́ àyẹ̀wò ẹnu ilé-ọmọ tí iléeṣẹ́ aládàáni tí ó gba iṣẹ́ náà kò fi ránṣẹ́. Ní ọdún 2025, ìjọba tún fi tó ilé aṣòfin létí pé ó lé ní 5,000 èèyàn tí a kò pè fún àyẹ̀wò tí ó tọ́ sí wọn nítorí pé ìforúkọsílẹ̀ wọn lọ́dọ̀ GP kò parí, àṣìṣe kan tí ó ti wà láti ọdún 2008.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa Yorùbá lọ́nà kan tí a kì í sábà ronú sí. Ẹ wo orúkọ obìnrin kan tí ó wọ̀lú pẹ̀lú páásípọ̀ọ̀tù tí orúkọ ilé bàbá rẹ̀ wà nínú rẹ̀, tí ó ṣègbéyàwó, tí ó wá ń fi orúkọ ọkọ rẹ̀ gba owó iṣẹ́, tí akọ̀wé GP àkọ́kọ́ sì ti kọ orúkọ àbísọ rẹ̀ sí ibi tí ó yẹ kí orúkọ ìdílé wà. Bí ó bá kó lọ sí ìlú mìíràn, tí ó sì forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ tuntun láìmú nọ́mbà NHS rẹ̀ lọ, ó lè di èèyàn méjì nínú kọ̀ǹpútà. Èsì àyẹ̀wò ti àkọ́kọ́ yóò wà lábẹ́ nọ́mbà kan, ìpè tuntun yóò máa lọ lábẹ́ nọ́mbà kejì, nígbà mìíràn sí ilé tí ó ti kó kúrò. Nítorí náà, ẹni tí ó bá kó kúrò nílé, kí ó sọ fún GP kí ó tó gbàgbé. Ẹni tí ó bá yí orúkọ padà, kí ó mú nọ́mbà NHS rẹ̀ dání lọ, yóò rí i lórí NHS App tàbí lórí lẹ́tà èyíkéyìí tí NHS kọ sí i.

Ẹ̀jẹ̀ gìgísẹ̀ ọmọ tuntun

Bí ọmọ bá pé ọjọ́ márùn-ún láyé, agbẹ̀bí yóò wá, yóò gún gìgísẹ̀ rẹ̀, yóò sì jẹ́ kí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ mẹ́rin kán sínú òbírí mẹ́rin lórí páálí kan tí nọ́mbà NHS ọmọ náà wà lára rẹ̀. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde wà lára ohun tí wọ́n ń wá nínú rẹ̀. Nǹkan bí ẹnì kan nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin ni ó ní AS, nítorí náà kò sí ìdílé wa tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn. Kódà kí ọmọ tó dé ni wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyá wò nínú oyún, wọ́n máa ń fẹ́ ṣe é kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, wọ́n sì máa ń fún un ní fọ́ọ̀mù tí ó ń béèrè ibi tí àwọn baba ńlá rẹ̀ àti ti bàbá ọmọ ti wá. Bí ó bá jẹ́ pé ìyá ní AS, wọn yóò ní kí bàbá náà wá ṣe àyẹ̀wò.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ àṣírí ti le jù. Èsì ìfun yín jẹ́ tiyín nìkan, ṣùgbọ́n èsì ẹ̀jẹ̀ ọmọ ń sọ̀rọ̀ nípa ìyá, ó ń sọ̀rọ̀ nípa bàbá, ó sì lè sọ ohun tí ẹnì kan nínú ilé kò fẹ́ kí ẹnì kejì mọ̀. Àwọn elétò mọ èyí, nọ́ọ̀sì kò sì gbọdọ̀ sọ èsì bàbá fún ìyá láìjẹ́ pé bàbá gbà. Mo gba àwọn òbí nímọ̀ràn pé kí wọ́n béèrè ṣáájú àyẹ̀wò bí wọn yóò ṣe fi èsì ránṣẹ́, ta ni wọn yóò kọ ọ́ sí, àti bóyá lẹ́tà náà yóò gba ojúlé tí gbogbo ará ilé ti ń ka lẹ́tà. Ẹ tún mọ̀ pé wọn kì í ju páálí ẹ̀jẹ̀ náà nù lẹ́yìn àyẹ̀wò. Wọ́n máa ń tọ́jú rẹ̀ fún ọdún márùn-ún ó kéré tán, a sì lè lò ó láti tún àyẹ̀wò ọmọ náà wò, láti wo bí iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ṣe péye sí, tàbí fún ìwádìí. Òbí tí kò bá fẹ́ kí a kàn sí òun nípa ìwádìí lè sọ bẹ́ẹ̀ fún agbẹ̀bí ní ọjọ́ yẹn gan-an, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí èsì bá jáde

Èsì ń padà sọ́dọ̀ GP, ó sì ń wà nínú àkọsílẹ̀ ètò àyẹ̀wò náà. Bí a bá rí jẹjẹrẹ, a óò kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ ti orílẹ̀-èdè, a ó sì fi wé ìtàn àyẹ̀wò ẹni náà: ṣé a pè é, ṣé ó wá, ṣé fọ́tò tí a yà ní ọdún méjì sẹ́yìn ti ní àmì tí dókítà kò rí? Bí a kò bá lè so àkọsílẹ̀ méjèèjì pọ̀, a kò ní mọ̀ láéláé bóyá ètò náà ń ṣe rere ju ibi lọ, nítorí pé àyẹ̀wò náà ní ibi tirẹ̀. Ní ọdún 2012, ìgbìmọ̀ tí Michael Marmot ṣe alága rẹ̀ fojú bù ú pé àyẹ̀wò ọmú ń gba nǹkan bí ẹ̀mí 1,300 là lọ́dọọdún ní ilẹ̀ UK, ṣùgbọ́n pé nǹkan bí 4,000 obìnrin ni à ń tọ́jú lọ́dọọdún fún jẹjẹrẹ tí kì bá tí dà wọ́n láàmú títí wọn yóò fi kú. Ó yẹ kí obìnrin mọ iye méjèèjì kí ó tó pinnu, kò sì sí bí a ṣe lè ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ láìtọpa ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí a yẹ̀ wò àti àwọn tí a kò yẹ̀ wò.

Ìwádìí tí a ń fi fọ́tò àyẹ̀wò ṣe náà ń pọ̀ sí i. Ní oṣù kejì ọdún 2025, ìjọba kéde ìwádìí kan tí ń jẹ́ EDITH, tí ó kan àwọn obìnrin tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 700,000 ní ọgbọ̀n ibùdó, láti wò ó bóyá ẹ̀rọ aláròjinlẹ̀ (AI) lè bá dókítà ka fọ́tò ọmú. Irú nǹkan báyìí ni ó yẹ kí ẹ ti béèrè ìbéèrè tó pọ̀: ta ni ó ni ẹ̀rọ náà, ṣé orúkọ mi wà lára fọ́tò tí ó ń kà, ṣé iléeṣẹ́ tí ó kọ́ ọ yóò tọ́jú fọ́tò mi lẹ́yìn iṣẹ́? Ní ọdún 2017, iléeṣẹ́ tí ń bójú tó òfin dátà, ìyẹn Information Commissioner, dá a lẹ́jọ́ pé ilé-ìwòsàn Royal Free ní Lọ́ńdọ̀nù kò tẹ̀lé òfin nígbà tí ó fún DeepMind, iléeṣẹ́ ẹ̀rọ aláròjinlẹ̀ tí Google ni, ní àkọsílẹ̀ nǹkan bí mílíọ̀nù kan àbọ̀ aláìsàn ó lé díẹ̀ láti fi dán ẹ̀rọ kan wò, nítorí pé a kò sọ fún àwọn aláìsàn bí ó ti tọ́. Ìtọ́jú ni wọ́n ní àwọn ń ṣe. Information Commissioner ní ìdánwò ẹ̀rọ kì í ṣe ìtọ́jú ẹni tí a lo àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ètò àyẹ̀wò kan ní nípa yín, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀wé béèrè, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fèsì láàárín oṣù kan láìgba owó. Bí ẹ bá rí àṣìṣe nínú rẹ̀, ẹ lè ní kí wọ́n tún un ṣe. Bí ìdáhùn wọn kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ọ̀dọ̀ Information Commissioner ni ẹ óò gbé ẹ̀sùn lọ. Ẹni tí ó sì ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú àyẹ̀wò kan nígbà tí kò tíì mọ ohun tí ó ń buwọ́ lù, ìpè kan sí GP ti tó láti dá orúkọ rẹ̀ padà, níwọ̀n ìgbà tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò bá tíì kọjá ti àyẹ̀wò náà.